Orúkọ Ṣáájú Ẹ̀rọ: Bí Ẹgbẹ́ Ńlá Ṣe Lè Ní Ilé Ìméèlì àti Àká Fáìlì Tirẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn akọ̀wé àti akápò ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá sọ ní Garki, Abuja, nìyí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè wá, mo sì fẹ àwọn ibi tí ìbéèrè yín fi hàn mí pé mo sáré kọjá.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ fi ọjọ́ ìsinmi sílẹ̀ wá jókòó nínú ooru yìí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Orí tábìlì kan ní Nyanya ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Àdúrà ọjọ́ kẹjọ akọ̀wé wa là ń ṣe lọ́jọ́ náà. Ọdún 11 ni bàbá yẹn fi kọ ìwé fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Àwọn ààfáà ti ṣe tiwọn tán, wọ́n ń pín oúnjẹ. Fóònù olóògbé wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo mílíìkì, ìyàwó rẹ̀ ti ki ṣáájà bọ̀ ọ́ kí ó má baà kú. Ṣàdédé ni ojú fóònù náà mọ́lẹ̀. Mo na ọrùn wò ó: orúkọ lọ́yà ẹgbẹ́ ni mo rí, àti ìlà kan àbọ̀ nínú ìméèlì tó kọ nípa ilẹ̀ wa ní Kuje. Kí n tó kà á tán, ó ti ṣú padà. Bàbá nìkan ló mọ nọ́ńbà tó fi ti fóònù náà. Lẹ́tà jẹ́ ti ẹgbẹ́, àpótí tí lẹ́tà bọ́ sí jẹ́ ti ẹni tó ti lọ.

Oṣù 7 la fi tọrọ ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ yẹn kiri láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Ẹ má gbọ́ ọ bí ẹ̀sùn sí olóògbé o. Dátà tirẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́ wa, fóònù tirẹ̀, òru tirẹ̀. Àwa tí a tó 600 la jókòó tí a di gbogbo ìwé wa ru ènìyàn kan ṣoṣo.

Nínú gbọ̀ngàn, mo ní kí ẹni tí ìméèlì ẹgbẹ́ rẹ̀ kò bá sí lórúkọ ènìyàn kan na ọwọ́ sókè. Ọwọ́ 3 ni mo kà. Àwọn tó kù ń wo ara wọn. Àwọn àgbà ní ẹ̀wù àyálò kì í yẹni. Bí kò fún ni lápá, a ṣo ni lọ́rùn. Rẹ́gírẹ́gí lohun ẹni ń bá ni mu. Ẹ̀wù àyálò ni àpótí ìméèlì akọ̀wé jẹ́ fún ẹgbẹ́, ọ̀pọ̀ wa sì ti wọ̀ ọ́ pẹ́ débi pé a ti gbàgbé pé a yá a ni.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ yìí, orúkọ ló ń ṣáájú ilé. Orúkọ tí mò ń wí ni èyí tó wà lẹ́yìn àmì @ nínú àdírẹ́sì. Ray Tomlinson ló fi àmì yẹn síbẹ̀ ní 1971, ní Amẹ́ríkà, kí ó lè ya orúkọ ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ kọ̀ǹpútà tí ẹni náà ń lò. Títí dòní, ohun tó wà lápá òsì jẹ́ ti ènìyàn, ohun tó wà lápá ọ̀tún jẹ́ ti onílé. Bí ti apá ọ̀tún bá jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ẹlòmíràn, ayálégbé ni yín. Bí ó bá jẹ́ orúkọ tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ gbà, ẹ̀yin lonílé, ibi yòówù kí ẹ̀rọ wà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba lẹ́tà yín tó sì ń tọ́jú rẹ̀.

NiRA ló ń bójú tó gbogbo orúkọ tó parí sí .ng, àwọn alágbàtà tí wọ́n sì fọwọ́ sí ló ń tà á. Fún ẹgbẹ́ bíi tiwa, .org.ng ló bá a mu jù. Owó ọdọọdún rẹ̀ kò sún mọ́ owó àpò ìrẹsì kan, nítorí náà kì í ṣe owó ló ń dá wa dúró. Ohun tó ń ba ibẹ̀ jẹ́ ni pé ọmọkùnrin kan tó mọ kọ̀ǹpútà á ní kí ẹ fi sílẹ̀ fún òun, á fi orúkọ ara rẹ̀ gbà á, á fi káàdì ara rẹ̀ san án, lẹ́yìn ọdún 2 á ti wà ní Canada. Ẹ fi orúkọ tó wà lórí ìwé CAC yín gbà á, kí owó ti àkáǹtì ẹgbẹ́ jáde, kí ẹ san ti ọdún mélòó kan pọ̀.

Nǹkan kékeré kan wà níbẹ̀ tí mi ò fẹ́ kí ẹ gbàgbé. Alágbàtà yóò béèrè àdírẹ́sì ìméèlì tí yóò máa fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí. Ẹ má fún un ní àdírẹ́sì tó wà lábẹ́ orúkọ yẹn gan-an. Bí orúkọ bá kú, àdírẹ́sì á bá a kú, ìkìlọ̀ tó yẹ kó jí yín kò sì ní débi tí ẹ wà. Ẹ fún un ní àdírẹ́sì mìíràn tí ó kéré tán ènìyàn 2 lè ṣí.

Nínú ìwé orúkọ yẹn ni ìlà kan wà tí wọ́n ń pè ní MX. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ fún gbogbo ayé pé ìméèlì tó bá ń bọ̀ fún wa, ẹ̀rọ báyìí báyìí ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹ lè háyà ilé lọ́wọ́ Google lónìí, kí ẹ kó jáde lọ sí ẹ̀rọ tiyín lọ́dún tó ń bọ̀, ìlà yẹn lẹ máa yí. Àdírẹ́sì tí lọ́yà, báǹkì àti ọmọ ẹgbẹ́ ti mọ̀ kò ní yí rárá. Nítorí náà, ẹni tí kò tíì lágbára ẹ̀rọ nínú yín, kó lọ gba orúkọ. Bí ẹ bá ṣe ìyẹn nìkan, tí ẹ kò ṣe ohun mìíràn nínú gbogbo ohun tí mo sọ, inú mi á dùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ipò ló ni àpótí. Tiwa ń jẹ́ akowe@, akapo@, alaga@. Lọ́jọ́ tí a bá dìbò yan olóyè tuntun, a ń yí páásíwọ̀ọ̀dù níbẹ̀ gan-an kí a tó pín oúnjẹ, olóyè àná á dìde, tuntun á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ìwé ọdún gbogbo á sì bá a níbẹ̀. Ẹ má sì ṣe ṣí àpótí fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ nítorí pé ẹ lè ṣe é. Àpótí 38 péré ni a ní. Àwọn tó kù ń gba ìkéde sórí ìméèlì tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀. Àpótí tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí ni olè máa ń bá wọlé.

Ẹ béèrè ìdí tí a kò fi kúkú san owó fún ilé-iṣẹ́ ńlá títí ayé. A san án fún ìgbà kan. Orí ènìyàn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń ka owó náà lóṣooṣù, dọ́là ni wọ́n sì fi ń kà á. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní June 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báǹkì. Nígbà tó fi máa di February 2024, ó ti kọjá 1,500. Iye orí kò yí, iṣẹ́ kò yí, owó di ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ̀rọ tí a ń háyà báyìí ṣì ń gba owó òkèèrè, mi ò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan ni a ń san owó rẹ̀, kì í ṣe orí 38. Bí àpótí bá di 60 lọ́la, owó náà ò ní yí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọnú iṣẹ́ gan-an. Gbígba ìméèlì kò le. Fífi ránṣẹ́ kí ó sì débi tó ń lọ ni iṣẹ́ wà.

Òfin tí ìméèlì fi ń rìn, Jon Postel ló kọ ọ́ jáde ní 1982. Lákòókò yẹn, àwọn tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò pọ̀, wọ́n mọ ara wọn, wọ́n sì gbọ́kàn lé ara wọn. Ohun tí wọ́n ṣe dà bí àpòòwé: ẹnikẹ́ni ló lè kọ orúkọ tó wù ú sẹ́yìn rẹ̀ pé òun ló fi ránṣẹ́. Àpòòwé yẹn náà la ṣì ń lò. Lọ́dún tó kọjá, ìméèlì kan wọlé sọ́dọ̀ akápò wa pẹ̀lú orúkọ alága, ó ní kó sáré fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì kan, pé òun wà nípàdé tí òun kò ti lè gbé fóònù. Màmá kò fi owó ránṣẹ́. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti mọ alága, kò pe òun ní “Madam” rí. Ìyá Bísí ló ń pè òun. Ohun tó kó wa yọ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n a kò lè máa fi oríkì ṣọ́ owó ènìyàn 600.

Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Aláàfin kì í rán ẹni tí ìlú kò lè dá mọ̀. Àwọn ìlàrí ló ń jíṣẹ́ rẹ̀, wọ́n fá apá kan orí wọn, ọba ló sì sọ wọ́n lórúkọ. Ẹni tó bá rí orí yẹn mọ ibi tó ti wá. Ohun mẹ́ta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá so mọ́ ìméèlì lẹ́yìn ìgbà tó ti dàgbà fara jọ èyí. SPF ni ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ orúkọ yín pé àwọn ẹ̀rọ báyìí nìkan ni ìlàrí wa. DKIM ni èdìdì tí ẹ̀rọ yín ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnikẹ́ni bá yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lójú ọ̀nà, èdìdì á já. DMARC ni àṣẹ tí ẹ pa fún ẹni tó ń gbàlejò: bí ẹnì kan bá dé lórúkọ wa, tí kò sí nínú ìwé ìlàrí, tí kò sì ní èdìdì, ẹ tì í sẹ́yìn tàbí kí ẹ dá a padà. Ní February 2024, Google àti Yahoo sọ ọ́ di dandan: ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ̀wé sí àwọn oníbàárà wọn gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ọ̀kan nínú SPF àti DKIM, ẹni tó bá sì ń kọ púpọ̀, èyí tí Google kà sí 5,000 lójúmọ́, gbọ́dọ̀ ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A kò tó 5,000. A ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí Ìyá Bísí.

Mo ṣe gbogbo ìyẹn tán ní ìbẹ̀rẹ̀, mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Mo fi ìkéde ìpàdé ọdọọdún ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, láti orí ẹ̀rọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ háyà ní Jámánì. Aago 11 alẹ́ ni. Mo jókòó ti láptọ́ọ̀pù, mo ń wo ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ bó ṣe ń sáré lọ sókè. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín bí a ṣe ń kà á, nítorí nọ́ńbà ni àwọn ẹ̀rọ fi ń dá ara wọn lóhùn. Èyí tó bá fi 2 bẹ̀rẹ̀, bíi 250, ń sọ pé mo ti gbà á. Èyí tó bá fi 4 bẹ̀rẹ̀ ń sọ pé mi ò ráyè báyìí, padà wá. Èyí tó bá fi 5 bẹ̀rẹ̀, bíi 550, ń sọ pé mi ò gbà, má padà wá. Ìlà 30 àkọ́kọ́ jẹ́ 250, ọkàn mi balẹ̀. Lẹ́yìn náà 421, 421, 421. Lẹ́yìn náà 550, títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ohun 2 ni mo ṣì ṣe. Èkíní, nọ́ńbà IP ẹ̀rọ náà, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn rí, onítọ̀hún ti fi da spam síta, ìyẹn ìméèlì tí ẹnikẹ́ni kò béèrè, orúkọ nọ́ńbà náà sì ti wọ ìwé àwọn tí a kì í ṣílẹ̀kùn fún. A gba ilé tí ayálégbé àná ti jẹ gbèsè sí, àwọn olówó wá ń kanlẹ̀kùn wa. Ó yẹ kí n wo ìwé náà kí n tó san owó. Èkejì, ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí kò gbọdọ̀ fi lẹ́tà 600 bẹ̀rẹ̀. A bẹ̀bẹ̀, wọ́n yọ nọ́ńbà wa kúrò nínú ìwé, a sì tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà 20 lójúmọ́, lẹ́yìn náà 50, lẹ́yìn náà 100. Ó gbà wá ju ọ̀sẹ̀ 5 lọ kí àwọn tó ń gbà á tó fọkàn tán wa. Ìkéde ìpàdé ọdún yẹn, orí WhatsApp ló gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní ẹ̀rù fífi ránṣẹ́ ń ba òun, kó má tijú. Ẹ lè jẹ́ kí ẹ̀rọ yín gba ìméèlì kó sì tọ́jú rẹ̀, kí ẹ wá san owó díẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ tó ń bá ni fi ránṣẹ́, tí nọ́ńbà tiwọn ti ní orúkọ rere. Ohun tó jẹ́ ti ẹgbẹ́, ìyẹn orúkọ àti lẹ́tà, ṣì wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ẹ sì má ṣe gbìyànjú láti fi ìméèlì ránṣẹ́ tààrà láti orí ẹ̀rọ tó wà nílé yín ní Kubwa tàbí Lugbe; nọ́ńbà àwọn ilé àdáni, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìméèlì kì í dá wọn lóhùn rárá. Bákan náà, ẹ béèrè kí ẹ tó háyà ẹ̀rọ bóyá wọ́n ṣí ojú ọ̀nà 25, tí ìméèlì ń gbà láti ẹ̀rọ kan sí èkejì. Google Cloud, fún àpẹẹrẹ, sábà máa ń tì í pa.

Àwọn ohun èlò inú ẹ̀rọ fúnra wọn kì í ṣe ohun àràmàǹdà, ọ̀fẹ́ sì ni. Postfix, tó ń gba lẹ́tà tó sì ń fi ránṣẹ́, Wietse Venema ló kọ ọ́, ó jáde ní 1998. Dovecot, tó ń tọ́jú lẹ́tà fún wa láti kà, ọmọ Finland kan, Timo Sirainen, ló kọ ọ́. Mailcow la fi kó wọn jọ sójú kan pẹ̀lú èyí tó ń yọ spam. Bí ẹ bá lè ka ìwé ìlànà ní sùúrù, ẹ lè gbé e dìde láàárín ọjọ́ kan.

Ìbéèrè tó pọ̀ jù ni ti iná. Gbogbo wa la mọ ibi tí a ń gbé. Bí iná bá lọ, ṣé lẹ́tà á sọnù? Rárá, èyí sì ni ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ àwọn àgbà yẹn. Ìméèlì ní sùúrù. Bí ẹ̀rọ yín kò bá dáhùn, ẹ̀rọ tó fi lẹ́tà ránṣẹ́ kì í jù ú nù. Á tọ́jú rẹ̀, á máa padà wá. Òfin rẹ̀ ní kó gbìyànjú fún ó kéré tán ọjọ́ 4 sí 5, Postfix sì ń dúró ọjọ́ 5. Iná lè lọ ní Fúráìdé, kó dé ní Sọ́ńdè, kí gbogbo lẹ́tà wọlé tẹ̀ léra wọn bí ọmọ tó jáde ilé ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ kò ní lè ka ti àtẹ̀yìnwá láàárín ọjọ́ méjèèjì yẹn, ìdí nìyẹn tí a fi jẹ́ kí ẹ̀rọ ìméèlì wà ní Jámánì, tí ti fáìlì wà nínú ọ́fíìsì wa ní Garki, lórí ínfátà.

Kí ló dé tí a kò fi gbé méjèèjì sí òkèèrè? Ẹ rántí 14 March 2024. Lọ́jọ́ yẹn ni wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ lẹ́bàá Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Ètò báǹkì dojú rú, ìpè ń já. Ìméèlì wa ní Jámánì jìnnà sí wa bí ọ̀run. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú ọ́fíìsì ní Garki so láptọ́ọ̀pù mọ́ wáìfáì ilé, wọ́n ṣí fáìlì àwọn tó fẹ́ yá owó, wọ́n sì ṣe ìpàdé ìgbìmọ̀ owó yíyá bí ó ti yẹ. Fáìlì náà kò ju mítà 4 lọ síbi tí wọ́n jókòó sí.

Nextcloud ni a fi ń ṣe àká fáìlì yẹn. Frank Karlitschek àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló dá a sílẹ̀ ní Jámánì ní June 2016. Lójú ẹni tó ń lò ó, fódà kan ni lórí kọ̀ǹpútà àti áàpù kan lórí fóònù: ohun tí akọ̀wé bá jù sínú fódà ní Gwarinpa, akápò á rí i ní Karu. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì pa fáìlì rẹ́, ó wà nínú àpò ìdọ̀tí fún ọjọ́ 30. Bí ẹnì kan bá kọ ọ̀rọ̀ mìíràn lé orí àkọsílẹ̀ ìpàdé, ẹ̀dà ti àná ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀kejì yìí ti parí ìjà nínú ẹgbẹ́ wa lẹ́ẹ̀mejì.

Ìdí tí a fi ya fáìlì kúrò lára ìméèlì: ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n la ọ̀nà ìméèlì fún. Fọ́tò tàbí fáìlì tó bá fẹ́ gbabẹ̀ kọjá, ẹ̀rọ á kọ́kọ́ tú u sí lẹ́tà àti nọ́ńbà, èyí á sì mú kó sanra sí i ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Ìròyìn ọdọọdún wa jẹ́ 20MB. Nínú ìméèlì ó di bíi 27MB, ọ̀pọ̀ ilé ìméèlì kì í sì í gba èyí tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ká tiẹ̀ ní wọ́n gbà á, 27MB lọ́nà 600 ju 16GB lọ, ohun kan náà ní ẹ̀dà 600. A wá gbé 20MB sí àká lẹ́ẹ̀kan, a fi líǹkì ránṣẹ́, líǹkì náà ní páásíwọ̀ọ̀dù, ó sì ní ọjọ́ tí yóò kú. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe líǹkì tí kò ní ọjọ́ ikú fún ìwé tó ní nọ́ńbà àkáǹtì ènìyàn nínú.

Ìdènà kan wà tí ẹ máa bá pàdé. Ọ̀pọ̀ nẹ́tíwọọ̀kì fóònù ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo, bí ilé fésì-mí-kí-n-fésì-ẹ tí gbogbo yàrá ń lo nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà kan náà. Ará inú yàrá lè jáde lọ síbi tó wù ú, ṣùgbọ́n àlejò tó ti òde wá kò mọ yàrá tí yóò kanlẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ̀rọ tó wà ní Garki kò ní ojúlé tirẹ̀. A wá fi WireGuard la ọ̀nà abẹ́lẹ̀ kan láti ibẹ̀ dé ẹ̀rọ Jámánì tó ní nọ́ńbà tirẹ̀. Àlejò á kanlẹ̀kùn nílé Jámánì, á gba abẹ́lẹ̀ dé Garki. Nítorí èyí náà ni àwọn tó wà lóde kò fi rí fáìlì lọ́jọ́ tí wáyà já, tí àwọn inú ọ́fíìsì rí i.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dà ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa. Dísìkì 2 tó jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ kan kì í ṣe ẹ̀dà: ohun tí ẹ bá pa rẹ́ lórí ọ̀kan ti rẹ́ lórí èkejì lójú ẹsẹ̀, olè tó bá gbé ẹ̀rọ lọ ti gbé méjèèjì. Ẹ̀dà wa ń lọ lóru sí ilé ọmọ ẹgbẹ́ kan ní Kaduna. Nígbà tí wọ́n ba òpó iná Shiroro sí Kaduna jẹ́ ní October 2024, tí ọ̀pọ̀ ìlú ní àríwá wà lókùnkùn ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ẹ̀dà Kaduna kò jí rárá. Ti Garki ń ṣiṣẹ́, kò sí ohun tó sọnù, ṣùgbọ́n mi ò sùn dáadáa lọ́sẹ̀ náà. A ti wá fi ibì kẹta kún un.

Èyí tó ba mi lẹ́rù jù kò ní iná nínú. A ti ń ṣe ẹ̀dà fún oṣù 3, ẹ̀rọ ń sọ lójoojúmọ́ pé ó yọrí. Arábìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ wa, tó ń ṣiṣẹ́ ní Utako, ní kí a gbìyànjú kí a fi ẹ̀dà náà gbé gbogbo nǹkan dìde lórí láptọ́ọ̀pù tó ṣófo, bí ẹni pé Garki ti jóná. A jókòó, a tẹ̀ ẹ́, ó béèrè kọ́kọ́rọ́, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣírí tó ń ṣí i. Ẹ̀dà náà ni a tì pa, kí ẹni tó bá jí i má lè kà á, ó dára bẹ́ẹ̀. A wá wá kọ́kọ́rọ́. Inú ẹ̀rọ Garki ló wà, ibẹ̀ nìkan. Ká ní Garki jóná lóòótọ́ ni, a ó ní ẹ̀dà oṣù 3 tí ẹnikẹ́ni láyé kò lè ṣí. Mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Fóònù tó ń tan ìmọ́lẹ̀ lórí tábìlì ní Nyanya ni mo rántí. Mo ti tún àṣìṣe kan náà ṣe, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, mo sì rò pé ẹ̀rọ ni mo fi wò ó sàn.

Láti ọjọ́ náà, ènìyàn 3 ló ní kọ́kọ́rọ́, ìlú 2 ni wọ́n ń gbé, ó wà lórí ìwé nínú àpòòwé tí a fi èdìdì dì, kò sí lórí fóònù ẹnikẹ́ni. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù 3, ẹnì kan nínú wọn tí kì í ṣe èmi máa ń gbé ẹgbẹ́ dìde láti inú ẹ̀dà nígbà tí èmi jókòó tí mi ò sọ̀rọ̀. Bí ó bá bi mí ní ohunkóhun, ìwé ìlànà kò pé nìyẹn, a ó kọ ọ́ kún un. Ẹgbẹ́ ń san owó fún wọn pẹ̀lú. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà nínú ìwé ìnáwó, nítorí iṣẹ́ tí a kò san owó fún la máa ń dì ru ènìyàn kan.

Òfin náà ti wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Ní 12 June 2023 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú nọ́ńbà àkáǹtì, BVN àti fọ́tò àwọn ènìyàn kò lè sọ pé òun ò mọ̀. Bí olè bá wọlé, tí ewu sì lè ti ibẹ̀ bá àwọn tó ni dátà, wákàtí 72 lẹ ní láti sọ fún àjọ tó ń bójú tó o láti ìgbà tí ẹ bá ti mọ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: ẹ máa ṣe ìmúdójúìwọ̀n ẹ̀rọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí páásíwọ̀ọ̀dù má dá nìkan dúró láìsí nọ́ńbà kejì láti orí fóònù.

Ìyá kan láti Mararaba béèrè pé, àwọn àgbà tí kì í ka ìméèlì ńkọ́, tó jẹ́ WhatsApp nìkan ni wọ́n mọ̀? Mà, ẹ má fipá mú wọn. Ẹ jẹ́ kí ìkéde bá wọn níbi tí wọ́n wà. Kí ohùn wà lórí WhatsApp, kí ìwé wà nínú àká. Bàbá tó ti lé ní ọdún 70 á tẹ líǹkì tí ẹ fi ránṣẹ́, ìwé á ṣí, kò sì ní bi yín irú ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, láti aago 10, èmi àti arábìnrin Utako yẹn á wà ní ọ́fíìsì wa fún ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ gba orúkọ tirẹ̀. Ẹ mú ìwé CAC dání, ẹ mú káàdì àkáǹtì ẹgbẹ́, kí ẹ sì jẹ́ mẹ́ta tí ẹ máa wá. Akọ̀wé tó bá dá nìkan wá, mo máa bẹ̀ ẹ́ kó padà lọ mú ẹlòmíràn wá.